Danda àti Àgbò Rẹ̀

Ilé wa ní Àsáwàsé,
Kùmásì.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n kẹ́yìn,

Bí òtútù ìlú Ọba bá gbà fún ọ kí o jókòó, jókòó. Lẹ́tà yìí gùn. O máa ń sọ pé ohùn tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù kì í ju "mo wà, a dúpẹ́" lọ, pé bí ènìyàn ṣe ń kí oníbodè ni mo ṣe ń kí ọ. Òótọ́ ni. Bí mo bá ti tẹ nǹkan yẹn, tí mo rí i pé ó ń gba ohùn mi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á sá mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi mú báírò àti àwọn ìwé tí o fi sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ ní Sátidé tó ṣáájú Iléyá. O ní Sàlíù ọkọ rẹ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ìwọ ń ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ti ń pàdé, ọ̀kan ń wọlé, èkejì ń jáde. O ní ìyá arúgbó òyìnbó kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé yín tó máa ń kan ilẹ̀kùn pé kí o wá mu tíì, ìwọ á sì pa iná kí ó lè rò pé o kò sí nílé. O rẹ́rìn-ín nígbà tí o ń sọ ọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà lo tún mú ọ̀rọ̀ yàrá rẹ dé: "Màámi, ẹ ṣáà jẹ́ kí Tóyìn wá máa gbé rúùmù mi. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ni, ó ń kàwé ní yunifásítì, kò ní ẹnì kankan ní Kùmásì. Ẹ̀yin náà kò ní ẹnì kankan." Mo ní rárá, mo sì pa fóònù. N ó dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ yàrá ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Má fò lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ìyàwó tuntun ni ọ́.

Ìkíní: má ṣe jẹ́ kí ilé rẹ dákẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé bàbá rẹ, bí ó bá ṣẹ̀ mí, mi ò ní bá a sọ̀rọ̀. N ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, n ó kúnlẹ̀, n ó dìde, ó tán. Mo rò pé mò ń fi ìyà jẹ ẹ́. Bàbá rẹ, télọ̀ tó ń gbọ́ ariwo máṣíìnì látàárọ̀ dalẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń wá kiri. Ó lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run fún òun ní ìyàwó jẹ́jẹ́. Èmi nìkan ni mo ń jẹ ìyà tí mo sè. Nítorí náà, bí inú bá bí ọ sí Sàlíù, sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà náà lẹ ti pàdé, bú u díẹ̀ kí o tó jáde, kí ó lè mọ̀ pé òun àti ènìyàn ni wọ́n jọ ń gbé.

Ìkejì: ẹ jọ máa jẹun. Má sọ fún mi pé àyè kò sí. Nígbà ọdún, tí iṣẹ́ bá wọ bàbá rẹ lọ́rùn, kì í lè wálé. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, a ó sì jọ jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì láàárín aṣọ oníṣọ̀nà. Mo ta ọbẹ̀ sí jàlàbíà oníbàárà kan lára lọ́jọ́ kan. A fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́, àbàwọ́n kò kúrò. Ọkùnrin náà bú wa títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo oúnjẹ tí mo ti jẹ láyé, ti orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ń rántí jù báyìí tí mò ń dá jẹun.

Ìkẹta gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó, mi ò sì lè sọ ọ́ láìsọ ti Danda.

O mọ orúkọ náà. Láti kékeré lo ti ń gbọ́ ọ ní ìta wa, ṣùgbọ́n o kò jókòó gbọ́ ọ dópin rí. Bí àwọn bàbá bá ti ń kó àga jọ, ìwọ ń kó ìwé rẹ, o ti gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Mi ò bá ọ wí. Ta ni ọmọdé tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹṣin tó ti kú?

Danda jẹ́ ẹṣin pupa. Iwájú orí rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni àwọn Hausa ń pè ní danda. Àlájì kan tó ń ta páànù ní Kéjétíà ló ni ín, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, a kì í sì pè é ní nǹkan mìíràn ju Àlájì Onípáànù lọ. Adámù, ọmọ Mósí Sóńgò, ló ń tọ́jú rẹ̀. Kùmásì ní pápá eré ẹṣin nígbà náà, kí ilé àti ọjà tó bò ó. Bí Danda bá máa sáré, Sóńgò, àdúgbò àwa àlejò, á ṣófo. Ìyàwó tuntun ni mí, mo bá ọkọ mi lọ lẹ́ẹ̀kan láti lọ wo ohun tó ń gbé e jáde nílé, láti ọjọ́ náà èmi gan-an ni mo ń lé e sáré pé kí a tètè jáde. Ẹṣin láti Àkírà wá, ẹṣin láti òkè Àríwá wá, Danda nà wọ́n. A ò ta tẹ́tẹ́, nítorí bàbá rẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. A kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń pè wá ní àlejò, ohun kan wà tó jẹ́ tiwa tí ẹnikẹ́ni ò lè bá.

Nígbà tí Danda kú, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nílé wa ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n pín àwọn eré rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní eré tirẹ̀, òun nìkan ló sì lè sọ ọ́. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Sànúsí alápatà ló ni eré àkọ́kọ́, èyí tí Danda sáré dé òpin tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró, tí wọ́n ń lé e lọ sójú títì. Opanyin Kwame, awakọ̀ trotro, ọmọ Àṣáńtí kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, ló ni ti ọjọ́ òjò. Twi ló fi ń sọ ọ́. Bí ó bá dé ibi tí Danda ti yọ láàárín àwọn yòókù, yóò dìde, ọ̀pá rẹ̀ á ṣubú, yóò máa pariwo "Ɔrekɔ! Ɔrekɔ!", ó ń lọ, ó ń lọ, àwa tí a ti gbọ́ ọ lọ́dọọdún náà á dìde. Ti ẹṣin Àkírà wà lọ́wọ́ Bàbá Ìdírísù oníkéwú. Ó máa ń fà á gùn títí ìrẹsì á fi tutù.

Eré kan wà tí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Òun ni èyí tí Danda pàdánù. Bàbá rẹ ní kí wọ́n fún òun. Ó ní bí a bá ń sọ èyí tó borí nìkan, irọ́ là ń pa mọ́ òkú.

Bí ẹnì kan bá máa kú, ó lè fi eré rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá Sànúsí kò rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀, ikú rẹ̀ yá. Ní ọdún yẹn, nígbà tí a dé ibi tó yẹ kó sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n dákẹ́ títí ó fi tó ìwọ̀n ìgbà tí alápatà ì bá lò, kí ẹni tó kàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ti lọ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ á gùn sí i. Bàbá rẹ ní tirẹ̀ rí àyè. Ní ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú, ó fi orúkọ rẹ pè mí, ó ní, "Ìyá Ràmọ́, má jẹ́ kí eré mi di ìdákẹ́." Bí mo ṣe di obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn nìyẹn. Àwọn kan kùn. Mo gbé ìrẹsì síwájú wọn, kíkùn tán.

Ní Iléyá tó kọjá yìí, mo gbá ìta, mo to àga, mo sè. Opanyin Kwame ti lọ nígbà òjò. Adámù nìkan ló kù, kò sì lè dìde nílẹ̀ mọ́. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó to àga. Mo tò ó náà. Mo jókòó, mo sì dákẹ́ fún alápatà, mo dákẹ́ fún oníkéwú, mo dákẹ́ fún Kwame. Àdùkẹ́, mo dá wà lọ́jọ́ náà débi pé mò ń gbọ́ bí oòrùn ṣe ń ta páànù orí ilé kẹ́kẹ́.

Ibẹ̀ ni Tóyìn ti wọlé, ó gbé ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọdún mà. Àǹtí Ràmọ́ ní kí n wá kí yín." Mo dáhùn lẹ́nu kan. Mo mọ̀ pé ìwọ lo rán an kí n lè rí ojú rẹ̀ kí n yọ́. Mo retí kí ó lọ. Ó wo àwọn àga, ó fa ọ̀kan, ó jókòó.

"Mà, ta là ń retí?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó ń bọ̀."

Kò dìde. Ó bó ọsàn kan, ó nà án sí mi. Ó ti kan eré bàbá rẹ. Mo bá sọ ọ́. Ìwọ náà gbọ́ ọ.

Ẹṣin kì í fẹ́ dá wà. Àwọn Hausa àti Mósí mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so àgbò mọ́ ilé ẹṣin. Wọ́n ní aburú tó bá ń bọ̀ wá bá ẹṣin, àgbò ni yóò bá. Adámù ní tirẹ̀ sọ pé ọkàn ẹṣin máa ń balẹ̀ bí ó bá ń gbọ́ mímí ẹlòmíràn. Àgbò Danda funfun, àyíká ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni lé tìróò. Bí Danda bá ń lọ sí pápá, àgbò á tẹ̀lé e, wọn á so ó mọ́ igi ọgbà níbi tí ọ̀nà eré ti ṣẹ́ kọ́nà, níbi tí àwa ará Sóńgò máa ń dúró sí. Danda á sáré débẹ̀, á rí i, ibẹ̀ ni yóò ti wá sá eré gidi.

Lọ́dún kan, Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àlejò dé bá Àlájì láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ìbátan rẹ̀ tó ti gbọ́ pé ó ti di èèyàn ńlá ní Gáná. Àgbò tó rà sílẹ̀ ṣàìsàn, ó rù kan eegun. Ojú ti Àlájì. Ó ní, "Kí ni wọ́n máa lọ sọ nílé? Wọ́n á ní eegun ni mo fi ṣe wọ́n lálejò." Àgbò tó sanra jù lọ ní gbogbo Sóńgò sì rèé, inú ilé ẹṣin rẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn ìrun yídì, Adámù yà kí àwọn òbí rẹ̀. Kí ó tó dé, wọ́n ti dúńbú àgbò Danda.

Wọ́n pín ẹran kárí bí ìṣe wa. Tiwa dé, mo sè é, a jẹ ẹ́. Ó dùn. Adámù nìkan ni kò jẹ. Ó rí awọ lórí ògiri, ó wọ ilé ẹṣin lọ, ó jókòó síbẹ̀.

Eré tó tẹ̀lé Iléyá náà ni ti bàbá rẹ. Bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Danda ló ṣíwájú. Kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ó dé kọ́nà, ó wo igi ọgbà. Ó dín eré kù. Ẹni tó gùn ún nà án lẹ́gba, kò gbọ́. Ó dúró pátápátá, ó yíjú sí wa, ó yán. Àwọn ẹṣin yòókù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, títí kan èyí tí kò borí rí. Kò wò wọ́n. Ó tún yán. Ó ń wo àárín wa, ó ń wá nǹkan. Kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí kò tíì jẹ nínú rẹ̀." Ibẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń dúró sí, èmi náà dúró síbẹ̀.

Tóyìn nu omi ọsàn kúrò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mà, kí ni orúkọ àgbò yẹn?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún gọbọi la fi jókòó ní ìta yẹn, àgbà ọkùnrin pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà, kò sí ẹni tó bèèrè rí.

Kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ọjọ́ kejì mo wọ trotro, ó di Mósí Sóńgò. Ọmọ Adámù obìnrin gbà mí lẹ́nu ọ̀nà. "Maame, akwaaba. Ẹ má retí nǹkan kan o. Bàbá ò dá ènìyàn mọ̀ mọ́, láti ìgbà ààwẹ̀ ni wọn ò ti sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀." Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ti dín kù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọdé. Mo tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo fi Hausa bi í, "Màlàámù, yaya sunan ragon Danda?" Kí ni àgbò Danda ń jẹ́?

Ojú rẹ̀ ṣí. Ó wò mí. Ó ní kò ní orúkọ. Ó ní Danda kì í pè é lórúkọ, báyìí ló máa ń pè é. Ó sì yán. Kì í ṣe bí ẹṣin ṣe ń yán lójú ọ̀nà o, jẹ́jẹ́ ni, láti inú àyà, bí ẹni ń pe ẹni tó wà nítòsí. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo sunkún, Àdùkẹ́. Mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún nígbà tí bàbá rẹ kú, nítorí pé nígbà náà àlejò pọ̀ nílé, mo sì ní láti dáná.

Kí n tó dìde, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ eré ìkẹyìn fún ọ, torí tirẹ̀ ni. Ó mi orí.

Àlájì kábàámọ̀. Ó ra àgbò mìíràn, pupa, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Danda ta á nípàá. Bí ó bá ti sún mọ́ ọn, á ta á nípàá, títí àgbò fi ń sùn lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú ẹrẹ̀. Àwọn ènìyàn ní kí Adámù mú un kúrò. Adámù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àrá sán, àgbò bẹ̀rù, kò mọ ibi tó ń sá lọ, ó sá sábẹ́ ikùn Danda. Adámù di ojú, ó ní ó ti kú nìyẹn. Nígbà tó la ojú, Danda dúró gbọin, ó kàn ń mí. Òjò dá, wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún sáré, wọ́n so àgbò pupa mọ́ kọ́nà. Danda débẹ̀, ó fi ojú kan wò ó, ó kọjá. Kò yá tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó borí. Adámù sì máa ń fi kún un pé kò gbàgbé o. Títí ó fi kú, bí wọ́n bá ń mú un wọlé, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn ilẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń so àgbò funfun mọ́.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ báyìí. Kí n tó lọ bá Adámù, láàárọ̀, mo máa ń wọ yàrá rẹ, n ó ṣí fèrèsé. Nírọ̀lẹ́, n ó tì í. Bàtà rẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi pé bí ẹlòmíràn bá sùn níbẹ̀, o kò ní padà wá mọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Mo ń ta á nípàá láìṣẹ̀.

Ìmọ̀ràn kẹta nìyí: ènìyàn ni aṣọ. Má fi ẹni tó ń bá ọ mí lójoojúmọ́ ṣe àlejò, bẹ́ẹ̀ ni kí o má sì jẹ́ kí àyè ẹni tó ti lọ ṣófo títí yóò fi pa ọ́. Èmi kò sí lọ́dọ̀ rẹ. Bí ìyá òyìnbó yẹn bá tún kan ilẹ̀kùn, tan iná. Lọ mu tíì náà, bí kò tilẹ̀ dùn. Bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Ìkẹrin àti ìkarùn-ún wà lọ́kàn mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti gbàgbé wọn. Bóyá ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Sàlíù kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ púpọ̀, bàbá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo ti fi eré bàbá rẹ sílẹ̀ fún ọ báyìí, tìrẹ ni. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ibikíbi tí o bá wà, sọ ọ́ fún ẹnì kan, kí o sì dúró síbi tó máa ń dúró sí.

Ẹni tó ya àwòrán àwọn ojú ìwé yìí tó fi ránṣẹ́ sí ọ, Tóyìn ni. Mo ní kó má kà á, ó ní ìwé mi kò ṣeé kà. Ó máa ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì bí ó bá ń wẹ̀, kò mọ ògì kọ́kọ́ọ̀ tó dì dáadáa sè, ó sì máa ń wá sẹ́nu ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ pé, "Mà, ṣé ẹ ti jí?" Mo ti kó bàtà rẹ àti yunifọ́ọ̀mù rẹ sínú àpótí mi.

Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ilé rẹ. Nígbà tí o bá dé, Àdùkẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni èmi àti ìwọ yóò jọ sùn. Ènìyàn ti wà ní yàrá rẹ.

Ìyá rẹ.